Bí A Ṣe Ń So Pọ́ọ̀dù Amúkọ̀léfòó Mọ́ Ìdí Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń wo fídíò yìí. Ìsọ̀ mi ní Adó-Èkìtì ni mo wà, iṣẹ́ tí a ó sì jọ ṣe lónìí ni bí a ti ń so pọ́ọ̀dù méjì, ìyẹn àpótí alumíníọ́mù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ léfòó, mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ni ará Èkìtì, ọmọ orí òkè, mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo bí omi ti tẹ́ lọ lẹ́yìn dáàmù Ero ní Ikun-Èkìtì, kí wọ́n sì kan dé ti Egbe-Èkìtì, kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá apẹja kan ló ni ọkọ̀ tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.3, ìbú ìdí rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 140. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 15 ni bàbá ń lò tẹ́lẹ̀, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kú, wọ́n ra irú tí ọ́ìlì rẹ̀ dá dúró. Agbára kan náà ni wọ́n ní, àmọ́ tuntun yìí fi nǹkan bíi kìlógíráàmù 15 wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni ìdí ọkọ̀ ti ń rì jù. Bí bàbá bá dín iná ẹ́ńjìnnì kù lójijì, ìgbì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fà á lé e bá láti ẹ̀yìn, omi á sì gba orí ògiri ìdí ọkọ̀ wọlé. Bàbá ní ẹja tí òun ti pa tán ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri lẹ́sẹ̀ òun.

Kí a tó fọwọ́ kan irin, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń wá. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì gbìyànjú láti tì í rì sínú dírọ́ọ̀mù omi. Ẹ ó rí i pé bó ti ń wọlé tó ni ó ń ta yín padà tó, nítorí pé lítà omi kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé kúrò ní àyè rẹ̀ ń fi agbára kìlógíráàmù kan gbé e sókè. Pọ́ọ̀dù kò ju kẹ́ẹ̀gì onírin lọ. Èyí tí mo fẹ́ ṣe gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 35, ó sì ga ní 40, nítorí náà lítà 84 ni ó lè gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lítà 84 tan ara yín jẹ, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ìdajì gíga pọ́ọ̀dù nìkan ni omi yóò bò, lítà 42 nìyẹn. Páànù oní-mìlímítà 3 tí a fi ṣe é sì wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 11. Bí a bá yọ èyí kúrò, kìlógíráàmù bíi 31 ló kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 62 fún méjèèjì, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tuntun náà pẹ̀lú epo tó wà nínú táǹkì rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ nìkan ni a ń wá ìrànlọ́wọ́ fún. Ẹni tó bá so pọ́ọ̀dù tán, tó wá tìtorí rẹ̀ kó èrò méjì kún èrò inú ọkọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wá ewu.

Ẹ wo ọwọ́ mi báyìí. Ògiri ìdí ọkọ̀ kò dúró ṣánṣán, ó fì sẹ́yìn díẹ̀, nítorí náà mo fi páálí gé àwòṣe ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀dù, mo gbé e ti ògiri náà, mo sì ń fi àlùmọ́gàjí gé e títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi gba àárín wọn kọjá mọ́. Páálí kì í wọ́n, páànù ló wọ́n. Ẹ rí i pé ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 70 sílẹ̀ láàárín pọ́ọ̀dù méjèèjì, kí ẹ sì yí ẹ́ńjìnnì dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ tún gbé e sókè, láti mọ̀ bóyá kò ní kan nǹkan kan.

Alumíníọ́mù tí wọ́n ń pè ní 5052 tàbí 5083 ni kí ẹ béèrè fún, nítorí pé omi kì í tètè jẹ wọ́n. Kí ẹ tó jó o pọ̀, ẹ fi asetónì, omi tó ń yọ ọ̀rá, nu ojú ibi tí iná yóò gbà, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tí kì í dípẹtà fọ̀ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì tí kò tíì kan irin lásán rí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo alumíníọ́mù kò ní yọ́ títí ooru yóò fi kọjá ìwọ̀n 2000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lsíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 660 ni alumíníọ́mù fúnra rẹ̀ ti ń yọ́. Ẹni tí kò bá fọ awọ yìí dànù, inú páànù á ti di omi tán nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì dì gan-an, ojú ìjó, ibi tí a ti jó páànù pọ̀, á sì rí gbágungbàgun bí ẹ̀kọ tó dì ní kókó.

Mo fi ògiri kan dá inú pọ́ọ̀dù sí méjì, kí ó lè jẹ́ pé bí òkúta bá lu yàrá kan, èkejì yóò ṣì gbé e dúró. Ìdérí méjì ni mo gé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jókòó lé orí ògiri àárín yẹn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ tí a óò fi kọ́ọ̀kì oníṣúkúrúù dí. Ihò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa: ó gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń jó ìdérí. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ń wú bó bá ti ń gbóná, bí kò bá sì rí ọ̀nà mìíràn, ojú ìjó tó ṣì rọ̀ ni yóò gbà jáde, yóò sì tú u ká mọ́ ọ lójú. Ẹ wo àpá kékeré tó wà lára ìbọ̀wọ́ mi yìí. Ìgbà tí mo gbàgbé ihò náà nìyẹn.

Bí ó bá ti tutù, a ó dán an wò bóyá ó ń jò. Mo fi fáàfù táyà kẹ̀kẹ́ há inú ihò, mo ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá psi 2, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ìwọ̀n yẹn lè dà bí ohun kékeré lójú yín, àmọ́ lórí ẹ̀gbẹ́ yàrá kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì ga ní 40, agbára tó ń tì í síta ti lé ní kìlógíráàmù 160, ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà rárá. Lábẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí pé oòrùn á máa wú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tòótọ́. Mo ń fi kànrìnkàn ta ìhó ọṣẹ sí gbogbo ojú ìjó. Ẹ wo igun yìí: ìhó tíntìntín kan ń yọ, ó ń tóbi, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. Ibẹ̀ ń jò. Mo ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, mo ó lọ ibẹ̀, mo ó sì tún un jó.

Nísinsin yìí ni a ó wá gbé e mọ́ ọkọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe, èmi náà sì wà nínú wọn. Pọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo so láyé mi, mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ìka méjì rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, èrò mi ni pé bó bá ti wọ omi tó ni yóò gbé e tó. Nígbà tí ọkọ̀ náà sáré, omi ń ti ìdí rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fi dojú bolẹ̀, ó sì ń yà sí ibi tó wù ú. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé igi gígùn tó tọ́ sábẹ́ ọkọ̀, kí ó yọ sẹ́yìn, mo sì ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ pọ́ọ̀dù fi sẹ̀ǹtímítà 3 ga ju igi náà lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró, omi yóò kan pọ́ọ̀dù. Bó bá ń sáré, omi yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìfà á. Ẹ wọn ọ̀tún àti òsì kí wọ́n dọ́gba, torí ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Etí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 tí mo jó mọ́ ara pọ́ọ̀dù ni bóòtù gbà kọjá, kí a má baà lu yàrá afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Bóòtù oní-mìlímítà 8 tí kì í dípẹtà ni mo lò, márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wọ́ṣà oníke tí kò ní jẹ́ kí irin kan alumíníọ́mù, nítorí pé bí méjèèjì bá fara kanra nínú omi, alumíníọ́mù ni yóò máa jẹrà. Mo tẹ́ rọ́bà sí àárín, mo fi gọ́ọ̀mù polyurethane, tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi páànù nípọnnípọn ti ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ onípákó ni tiyín, ẹ kọ́kọ́ fi òòlù kan ògiri ìdí rẹ̀ káàkiri. Ibi tó bá dún bòm̀bò ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ pákó náà ná.

A ti dé Ikun-Èkìtì báyìí, bàbá sì ti wà nínú ọkọ̀. Kí n tó so pọ́ọ̀dù ni mo ti lẹ tépù dúdú mọ́ ibi tí omi dé. Ẹ wò ó, tépù náà ti fi sẹ̀ǹtímítà 6 yọ lókè omi. Bàbá sáré lọ, wọ́n dín iná kù lójijì, ìgbì náà dé, ó lu pọ́ọ̀dù, ó sì pín sí ọ̀tún àti òsì. Mo ti sọ fún wọn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀, kí wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì tú kọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí omi ife kan bá jáde, kí wọ́n pè mí.