Àkókò Kọ́ Ló Ń Sọ Ìwé Ìtàn Àròsọ Di Àtìrandíran

Alága ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Wọ́n sábà máa ń sọ fún wa pé àkókò ni adájọ́, pé ìwé ìtàn àròsọ tó bá dára yóò borí fúnra rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkókò kì í tẹ ìwé, kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbèjà òǹkọ̀wé tó ti kú. Ènìyàn ní ń ṣe gbogbo ìyẹn. Àwọn lámèyítọ́ tó ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ìwé rere kò nílò alágbàwí, alágbàwí gan-an niṣẹ́ tiwọn.

Ẹ wo Moby-Dick, ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń lépa àbùùbùtán, tí Herman Melville kọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1851, pẹ̀lú àkọlé The Whale, ọ̀rọ̀ ìkádìí tó sọ bí asọ̀tàn ṣe yè nígbà tí ọkọ̀ rì kò sí nínú ẹ̀dà náà rárá. Ni àwọn lámèyítọ́ kan bá dìde sí òǹkọ̀wé: ẹni tó bá ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ẹnu wo ló fi ń ròyìn? Ohun tí wọn kò tẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ní 1853, iná jó ilé-iṣẹ́ Harper tó ń tẹ ìwé rẹ̀ ní New York, àwọn ẹ̀dà tí a kò tíì tà sì bá a lọ. Melville di òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù fún ọdún 19, ó sì kú ní 1891 nígbà tí àwọn tó rántí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ní 1921 ni Raymond Weaver, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, kọ ìwé lórí ìgbésí ayé rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ àti atẹ̀wé mìíràn sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 70 ni àkókò fi jókòó ti ìwé yìí láìdá ẹjọ́ kankan.

Bákan náà ni ti The Great Gatsby. Ó jáde ní 1925. Nígbà tí F. Scott Fitzgerald tó kọ ọ́ fi kú ní 1940, ẹ̀dà àtẹ̀kejì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láìtà. Ní 1945, ìgbìmọ̀ tó ń yan ìwé fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú un mọ́ àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó ṣeé tì bọ àpò aṣọ ogun, wọ́n sì tẹ ẹ̀dà tó lé ní 150,000 fún pípín lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ, n kò ní tún un sọ níwájú yín: ẹ mọ ẹ̀dà 2,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1958, ẹ sì mọ ohun tí African Writers Series, ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tó tún un tẹ̀, ṣe fún un láti 1962.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bọ́ sórí ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ àti fíìmù, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò fi máa ń kú ní kété tí wọ́n bá yọ wọ́n kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́?” Ìbéèrè náà ló gba ìyókù àkókò mi.

Alágbàwí lè gbé ìwé dé iwájú òǹkàwé, kò lè mú òǹkàwé padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé tó ń kú lẹ́yìn ìdánwò ni èyí tí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ti pé, tí kò ku ohun tí a lè jiyàn lé lórí. Nínú Moby-Dick, ẹnì kan yóò rí ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu ikú, ẹlòmíràn yóò rí ẹni tó ń bá Ọlọ́run jà, òmíràn yóò rí òwò òróró àbùùbùtán, kò sì sí ẹni tó lè pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà jù ni Their Eyes Were Watching God, tí Zora Neale Hurston tẹ̀ jáde ní 1937. Ìwé náà ti kúrò lórí àtẹ nígbà tí òǹkọ̀wé kú ní 1960, tí wọ́n sin ín sí ibojì tí kò ní àmì. Alice Walker, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, wá ibojì náà lọ ní 1973, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1975. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àdàkọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni àwọn olùkọ́ àti òǹkàwé ń fà lé ara wọn lọ́wọ́. Ìfẹ́ òǹkàwé nìyẹn, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àdàkọ kì í kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ẹni tó ní in. Ẹ̀yìn ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Illinois tún un tẹ̀ ní 1978 ni ìwé náà tó tàn káàkiri àwọn yunifásítì.

Alága ti ń wo aago. Lórí ẹ̀bùn lítíréṣọ̀, gbólóhùn kan péré: òǹkọ̀wé mẹ́rin tí mo fi ìwé wọn ṣe àpẹẹrẹ lónìí, kò sí èyí tó gba Nobel nínú wọn. Ti fíìmù di ọjọ́ mìíràn.