Bí Ọmọ Afínràn Bá Dojú Kọ Ọ́ Nílé Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ọmọ kan já àpò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà, ó ń jù ú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má wo òun nìkan o. Ẹ wo àwọn tó yí wọn ká. Bí wọ́n bá bá a rẹ́rìn-ín, á tún un jù. Torí òǹwòran ni afínràn ṣe ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà gbé kámẹ́rà sí pápá ìṣeré ilé ìwé, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2001. Lọ́pọ̀ ìgbà tí ọmọ míì dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó tó, afínràn jáwọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. O ò tíì ní de okùn bàtà rẹ méjèèjì tán! Torí náà, bó bá ṣojú rẹ, má dúró wòran. Rìn lọ bá ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, kó o ní: "Wá, jẹ́ ká lọ." Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, sáré pe olùkọ́.

Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń fín níràn ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Nàró, gbójú sókè, kó o sọ ọ́ ketekete: "Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi mí sílẹ̀." Kó o wá kọjá síbi tí àgbàlagbà wà. Inú á bí ọ lóòótọ́, àmọ́ má lù ú padà: o lè fara pa, ẹni tó bá sì bá yín lẹ́nu ìjà ò ní mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu kì í fẹ́ là nígbà tí àyà bá ń já, torí náà máa fi ọ̀rọ̀ yẹn dánra wò nílé níwájú dígí.

Lẹ́yìn náà, sọ fún àgbàlagbà. Wọ́n á ní òfófó lò ń ṣe. Irọ́ ni! Olófòófó ń wá bí ẹlòmíì á ṣe kó sí wàhálà. Ìwọ ń wá bí wàhálà á ṣe kúrò lọ́rùn rẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ wo ni, ibo ni, kí ló sọ, ta ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni, má fèsì, má sì pa á rẹ́.

Àwọn àgbàlagbà kan á ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni." Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ bẹ́ẹ̀, mú ìwé rẹ dání, lọ bá ẹlòmíì: olùkọ́ míì, ìyá rẹ, bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ. Máa lọ títí wàá fi rí ẹni tó jókòó tì ọ́, tó sì kà á dé ìsàlẹ̀.