Ògiri Tiwa Kò Sí Nínú Ìṣirò Wọn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àtàwọn bíríkìlà sọ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé. Ilé wó, ẹ̀mí lọ. Àwa tí Iléṣà wà nítòsí wa, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, kò yẹ ká ka èyí sí ìròyìn ìlú oníìlú.

Ǹjẹ́ a lè mọ̀ ṣáájú ohun tí irú rẹ̀ máa ṣe sí ilé? Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò rẹ̀ wà. Àwọn ológun ń fi díwọ̀n ohun tí bọ́ǹbù máa bà jẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ohun ìjà ń fi mọ bí àgọ́ ìpamọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ènìyàn tó. Èkejì yìí ló ká mi lára.

Òfin tí onímọ̀ Bertram Hopkinson sọ ní 1915, tí onímọ̀ Carl Cranz náà sọ ní 1926, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: bí ohun abúgbàmù bá di ìlọ́po 8, ibi tí irú ìpalára kan náà máa dé á jìnnà ní ìlọ́po 2. Bó bá di ìlọ́po 1,000, ìlọ́po 10 ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbé ìṣirò agbára ìbúgbàmù tí àwọn onímọ̀ méjì, Kingery àti Bulmash, kó jọ ní 1984 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ SaferGuard, ètò wọn fún títọ́jú ohun ìjà láìséwu. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín lè lò ó lálẹ́ òní.

Ṣùgbọ́n agbára nìkan kọ́, bó ṣe pẹ́ tó náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó fi ìkúùkù gbá ìlẹ̀kùn yàtọ̀ sí ẹni tó fi èjìká tì í. Ìbúgbàmù kékeré gbáni, ó lọ. Ti ńlá ń tì, kò tètè dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á tún fà padà. Ìdí nìyẹn tí dígí fèrèsé fi lè já síta dípò inú yàrá.

Ohun tó gbé ilé dúró, òpó àti ògiri, tún ń bẹ. Ní London, ní 1968, gáàsì ìdáná bú nínú yàrá kan lájà 18 ilé Ronan Point, igun ilé náà sì ya lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gáàsì kọ́ ló wó gbogbo rẹ̀: ògiri kan kúrò, èyí tó gbára lé e sì tẹ̀lé e. Ètò tí kò mọ ohun tó gbé ohun mìíràn dúró kò tíì mọ ilé.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ bí ilé ṣe ń wó wá láti ara ilé bíríkì tí bọ́ǹbù bà jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn onímọ̀ wọn ló rìn kiri, tí wọ́n ka àwọn ilé náà. Ta ló ka tiwa? Ògiri alámọ̀ nípọn, ó wúwo, ṣùgbọ́n kò sí irin tó máa dì í mú bó bá sán. Ti búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Ẹnì kan ń mú 30 jáde nínú báàgì sìmẹ́ǹtì kan, ẹlòmíì ń mú 50. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà náà kò lè mọ̀ ọ́n bí a kò bá sọ fún un.

Ó sì ní ohun tí ìṣirò ilé kò lè rí. Nígbà tí ilé ìpamọ́ ohun ìjà bú n'Íkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ wọn, inú kànáàlì ni wọ́n kú sí níbi tí wọ́n ti ń sá lóru. Ògiri kankan kò wó lù wọ́n.

Bàbá bíríkìlà kan béèrè pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní: bàbá, ẹ sọ bí ẹ ṣe po sìmẹ́ǹtì fún wa, ní òtítọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ọjọ́ Sátidé la ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìrẹ̀mọ, ká tó kọjá sí Ìlódè: kí oníkálukú mú téèpù àti ìwé dání, ká wọn ògiri, ká ka òpó, ká kọ irú fèrèsé sílẹ̀, ojúlé kan tẹ̀lé òmíràn.