Ògiri Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Ń Ṣí: Kí Ni Kàmẹ́rà Lè Rí Níbẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sọ ní Adó-Èkìtì. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níjòkòó.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kàmẹ́rà àti fóònù dání, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí nílùú wa, ẹ má tètè pè é ní ògiri tí wọ́n pa tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ògiri tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ léraléra. Ẹni tí kò bá mọ èyí, àwòrán òṣì ni yóò máa yà, yóò sì máa pè é ní ẹwà.

Ìgbà wo là ń kun ilé níbí? Kì í ṣe ìgbà tí ọ̀dà bá ṣí. Ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ ni. Bàbá kú, òkú wà ní mọ́ṣúárì, àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun dáwó jọ. Kí wọ́n tó ra màlúù, wọ́n á ti kun iwájú ilé. Ọmọ fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n á kùn ún. Ẹnì kan jẹ oyè, wọ́n á kùn ún. Ẹ̀yìn ilé lè wà bó ṣe wà o, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń wí. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ìjigbò tàbí Odò-Adó, tí ẹ rí búlúù tó ń ṣí, tí àwọ̀ ewé yọjú lábẹ́ rẹ̀, tí funfun sì tún wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayẹyẹ mẹ́ta lẹ ń wò yẹn. Ẹ má méfò. Ẹ bi onílé, yóò sọ ti ẹni tó kú nígbà tí wọ́n kun ti àwọ̀ ewé, àti ẹni tó ṣègbéyàwó nígbà tí wọ́n kun búlúù.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìlú ní aṣọ, aṣọ náà sì ń dán. Àkísà ni kò tíì ní.

Ìran ayàwòrán tó ń ya ògiri kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Brassaï, ayàwòrán kan tó gbé ní Paris, ń ya ohun tí àwọn ènìyàn fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó họ sára ògiri ìlú náà láti àwọn ọdún 1930 lọ, wọ́n sì ṣàfihàn àwọn àwòrán náà ní New York ní 1956. Aaron Siskind, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1903, ènìyàn àti àdúgbò ló kọ́kọ́ ń yà; lẹ́yìn 1940 ló wá kọjú sí ọ̀dà tó ń ṣí àti pósítà tó ya. Ó máa ń sún mọ́ ògiri débi pé o kò ní mọ̀ pé ògiri ni mọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nínú yín níyànjú láti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ l'Ékìtì. Ẹ jẹ́ kí etí fèrèsé kan hàn, tàbí àgbá omi, tàbí ìdí àga tí ìyá kan máa ń jókòó sí, ká lè mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀.

Ó wá ku ohun tó ń ba ojú ògiri jẹ́, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó fa àpá ló máa mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Pupa kan wà níbẹ̀ tó ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan látilẹ̀, tó ń ṣá bó ṣe ń gòkè. Ẹnikẹ́ni kò kùn ún. Òjò ló ń bọ́ láti etí páànù, tó ń lu ilẹ̀ pupa wa, tí ilẹ̀ náà sì ń ta sára ògiri. Bí ẹ bá wo ilẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí àwọn ihò kéékèèké tí ẹ̀kán omi gbẹ́ ní ìlà gbọọrọ, ihò kan lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan tí páànù ti rì sínú. Ẹ ya méjèèjì pọ̀. Òkè ìlà pupa yẹn, ẹ lè rí dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó ń hù níbi tí oòrùn kì í dé, èyí tó ń pọ̀ sí i lásìkò òjò.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Amọ̀ a máa wú bó bá mu omi, a sì máa súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kò lè bá a ṣe eré yẹn. Yóò sán, omi á gba ojú sísán wọlé, lẹ́yìn náà ni odidi awẹ́ á já bọ́, tí amọ̀ pupa á sì fara hàn pẹ̀lú ìpele tí àwọn tó mọ ilé náà tò léra wọn. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ojú ń tì nítorí irú ògiri yìí. Èmi ò rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ìpele amọ̀ yẹn ni ilé gan-an, sìmẹ́ǹtì ló wá bá a.

Páànù kò gba àlàyé púpọ̀. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni. Síǹkì ló kọ́kọ́ ń jẹ, ìpẹtà á sì wọlé. Ẹ wá a níbi ìṣó àti níbi tí páànù méjì ti gun ara wọn.

Pósítà ńkọ́? Ìdìbò gómìnà wa kì í bá ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ rìn: oṣù kẹfà 2014, oṣù keje 2018, oṣù kẹfà 2022. Wọ́n ń lẹ èyí lé ìyẹn lórí, ìwé ìsìnkú àti ìwé ìsọjí tún gun gbogbo rẹ̀. Nínú yíǹkì ìwé wọ̀nyí, pupa àti yẹ́lò ló máa ń tètè ṣá lójú oòrùn, búlúù àti dúdú ló ń pẹ́. Ìdí nìyẹn tí olóṣèlú tó rẹ́rìn-ín músẹ́ fi ń di búlúù bí aró lẹ́yìn ọdún kan.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, tí Adó di olú-ìlú, títì ti fẹ̀, ó sì ti gé iwájú àwọn ilé kan lọ. Níbi tí wọ́n bá ti gé ilé sí méjì, ògiri yàrá á kọjú síta: píǹkì yàrá ìyàwó, ibi tí kàlẹ́ńdà máa ń wà. Èmi fúnra mi kì í ya ìyẹn bí onílé kò bá fọwọ́ sí i.

Ẹnì kan bi mí nípa Olówè ará Ìsè, agbẹ́gilére Èkìtì. Ó gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkéré láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà kan ní Chicago, l'Amẹ́ríkà, báyìí, ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kun iṣẹ́ náà lọ́dà, ọ̀dà náà sì ti ṣí púpọ̀. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Bó bá jẹ́ pé ó wà láàfin ni, bóyá wọn ì bá ti tún un kùn kí ọdún tó dé. Mi ò lè dá àwọn ará Chicago lẹ́bi, mi ò sì lè dá ẹni tó bá fẹ́ kun ún lẹ́bi. Onílé ló ni ilé, ẹ yára ya fọ́tò yín.

Nípa ìmọ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Fún ògiri, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn, oòrùn àárọ̀ ń wò ó lójú tààrà ni, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí oòrùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí, ìmọ́lẹ̀ á máa ré lára ògiri bọ̀ láti òkè, awẹ́ ọ̀dà kọ̀ọ̀kan á sì ní òjìji. Lásìkò ọyẹ́, òjìji á rọ̀, èyí sì dára fún ìwé pósítà. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwọ̀ á jinlẹ̀. Ẹ tètè jáde. Ẹ má tan fláàṣì. Fóònù á fẹ́ wẹ pupa ilẹ̀ wa kúrò, torí náà ẹ yí ètò àwọ̀ rẹ̀ (white balance) sí ti ojú oòrùn, ẹ má jẹ́ kó máa yàn fúnra rẹ̀.

Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó gbé kàmẹ́rà sójú. Ilé tí wọ́n kọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sí lára, ẹ̀rù àwọn gbájú-ẹ̀ ló ń bà wọ́n. Ibi tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí, wọ́n á rò pé ìjọba ló rán yín. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣàlàyé. Ìyá àgbà tó bá wà níbẹ̀ lè ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi kun ún ná, kí ẹ tó wá yà á." Lẹ́yìn náà, á wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ẹ dúró dè é, kí ẹ yà á pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀ níwájú ògiri náà, kí ẹ sì tẹ fọ́tò kan fún un.

Nígbà tí a bá tún pàdé, kí olúkúlùkù mú fọ́tò ògiri kan wá, kó kọ sẹ́yìn rẹ̀ ohun tó fa àpá tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó sọ fún un. Fọ́tò tó bá dára ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, mi ò ní gbà á.