Ọdẹ Tó Ń Ṣọ́ Ọkàn

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Adó-Èkìtì, tí mo tún kọ fún àwọn tí kò lè wá.)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

N kò ní fi àkókò ṣòfò láti ṣàlàyé ìnira fún yín. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa la mọ iye tí a ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, a sì mọ iye tí wọ́n ń dá lé iṣu lọ́jà. Ìyẹn tilẹ̀ sàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ Èkìtì yìí. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àtàwọn olùkọ́ wọn gbé ní Emùrè. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé-ìwé lásìkò náà mọ bí oorun ṣe sá lójú òun.

Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún wa pé: “Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ní àlàáfíà.” Àlàáfíà wo?

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́, nínú orí kẹrin ìwé tó kọ sí àwọn ará Fílípì. Inú ìdè ló wà nígbà tó ń kọ ọ́. Ó ní àlàáfíà Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ tó lò ní èdè Gíríìkì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ológun ni. Òun ni wọ́n ń lò fún àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ìlú. Fílípì sì jẹ́ ìlú tí àwọn ará Róòmù fi àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀ dó sí. Wọ́n mọ ohun tí ó ń wí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa là ń san owó ọdẹ àdúgbò. Ta ló ń gba ọdẹ sí àdúgbò tí olè kì í dé? Nígbà tí ẹ bá gbọ́ fèrè ọdẹ láàárín òru, kì í ṣe pé ewu ti tán nílẹ̀ Èkìtì. Ẹnìkan ló wà lójúfò, ẹ wá lè yí ẹ̀gbẹ́ padà kẹ́ ẹ sùn. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nìyẹn. Mo ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́ kí n tó rí i. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà mí, a jẹ́ pé n kò gba Ọlọ́run gbọ́ tó.

A máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo mọyì òwe yẹn, ṣùgbọ́n nínú ìjọ a ti ń yára fi ẹ̀rín bo ẹkún jù. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹnì kan wá bá mi, kò tíì jókòó tó fi sọ pé kí n má sunkún, pé onígbàgbọ́ kì í sunkún bí aláìnírètí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún ọdún púpọ̀. Ìyá kan ládùúgbò wa kò sọ ẹsẹ Bíbélì kankan ní tiwọn. Wọ́n gúnyán, wọ́n gbé e wá, wọ́n ní: “Dìde, wá jẹun.”

Ẹ wo Èlíjà. Jésébẹ́lì fẹ́ pa á, ó sá lọ sínú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, “Dìde, jẹun.” Àkàrà lórí ẹyín iná, àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ìrìn náà jù fún un. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́! Ẹ̀yìn oúnjẹ àti oorun ló tó wá bi í léèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n sin wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959. Ìṣẹ́ ìyanu rẹ̀ la máa ń sọ. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n dá fún un lẹ́wọ̀n ní Bìní ní 1932, a kì í fẹ́ dúró níbẹ̀ pẹ́. Èmi rò pé ó yẹ ká dúró níbẹ̀, torí Ọlọ́run tó ń ṣe ìyanu kan náà ló wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Nígbà tí a fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, ìyá kan dìde. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti parí ilé-ìwé, kò ríṣẹ́, ó ti ṣe díẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí àwọn bá ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó? Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ṣí Sáàmù kẹtàlá.” Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kà á sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni onísáàmù bi ìbéèrè yẹn nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀ẹ̀kẹrin, ohùn wọn gbọ̀n, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì kà á dé ìparí.