Owó Bàbà Oní-dírágónì ti Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwùjọ sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí ààyè ò gbà láti wá.

Àwọn baba wa a máa sín owó ẹyọ sókùn, ogójì lórí okùn kan. Àwọn ará Ṣáínà náà ná owó ẹyọ láyé àtijọ́. Títí di òní, àmì ẹyọ ṣì wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ "ọrọ̀". Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sórí owó bàbà àti idẹ roboto, tó ní ihò onígun mẹ́rin láàárín kí okùn lè gbà á kọjá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n fi ná an. Dídà ni wọ́n ń dà á: wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú àpẹrẹ, wọ́n á sì rẹ́ etí rẹ̀.

Zhang Zhidong, gómìnà àgbà tó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ Guangdong àti Guangxi, ló ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Heaton ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìtẹ̀wó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Guangzhou ní 1889. Owó oníhò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀, ṣùgbọ́n èrè kò sí níbẹ̀. Ní 1900, owó wẹ́wẹ́ ti wọ́n lọ́jà, ni wọ́n wá tẹ owó bàbà tí kò níhò, tó jọ sẹ́ǹtì Hong Kong: orúkọ ìjọba ọba Guangxu lójú kan, dírágónì, ẹranko bí ejò inú ìtàn àròsọ wọn, lójú kejì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni yuan kan, ìyẹn owó fàdákà wọn.

Bàbà inú rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n ń ná an, ìjọba ló ń jẹ èrè ibẹ̀. Kíá ni àwọn ìpínlẹ̀ bíi Fujian, Hubei, Hunan, Anhui, Sichuan àtàwọn mìíràn ra ẹ̀rọ tiwọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, títí ọgọ́rùn-ún kò fi ra yuan kan mọ́. Ó dùn mí fún alágbàṣe tó jẹ́ pé owó bàbà ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ fún un.

Àmọ́ ìkánjú yẹn gan-an ló mú kí owó náà wu èmi àti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ òǹtẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní agbẹ́gilére tirẹ̀, kí n pè é bẹ́ẹ̀. Dírágónì kan á tín-ín-rín bí ejò, òmíràn á kọjú sí ọ gbàgà. Ẹ ka ìkùukùu tó yí i ká, ẹ ó rí i pé wọn kò dọ́gba. Jiangxi kọ orúkọ ara rẹ̀ ní KIANG-SI, ó tún kọ ọ́ ní KIANG-SEE. Anhui fẹ́ kọ TEN CASH, TOEN CASH ló jáde lára àwọn kan. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé orí owó Kòríà ni wọ́n tẹ̀ wọ́n lé. Tí ẹ bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àpá owó ti tẹ́lẹ̀ lábẹ́ dírágónì.

Ní 1905, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan ṣoṣo, Da Qing Tongbi, ìyẹn "Owó Bàbà Qing Ńlá"; Qing ni ìdílé tó ń jọba nígbà náà. Síbẹ̀, wọ́n ṣì fi àmì ìpínlẹ̀ sí àárín rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi nǹkan kan dán an. Àwọ̀ pupa-dúdú tí bàbà mú láti ọgọ́rùn-ún ọdún, tó bá ti lọ, kò ní padà.

Ẹnìkan bi mí bóyá ó kàn wá. Ilé Heaton tó fún Guangzhou ní ẹ̀rọ ló tẹ oníní 1911 tí wọ́n ná nílùú Èkó. Ẹni tó bá rí i nínú àpótí ìyá àgbà, kó wá lẹ́tà H kékeré lára rẹ̀.