Ta La Ṣe Ẹ̀rọ Yìí Fún?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ sọ ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn nìyí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, ẹ kú ìrìn.

Ilé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ìlú yìí, Rediffusion ni àwọn òbí wa mọ̀: àpótí kékeré kan lára ògiri, tí wáyà ń gbé ohùn wọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ náà lo máa gbọ́. Àwọn èèyàn wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Kò sọ ohun tó wà nínú àpótí náà. Bí àpótí náà ṣe ń bá ọmọ èèyàn lò ló sọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ sì kún iléèwé. Wọ́n ti mọ ẹni tí àpótí náà ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ fún kí wọ́n tó gbé òpó rẹ̀ nàró.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Japan. Masaru Ibuka, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Sony sílẹ̀, fẹ́ràn láti máa gbọ́ orin nínú ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé lọ wúwo. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe èyí tó fúyẹ́. Àwọn oníṣẹ́ mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré tí àwọn oníròyìn ń lò, wọ́n yọ ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ kúrò, wọ́n yọ sípíkà kúrò, wọ́n fi hẹ́dífóònù sí i. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n yọ ọ́ kúrò ni. Àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ náà gan-an ń bẹ̀rù pé kò sẹ́ni tó máa ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí kò lè gba ohùn sílẹ̀. Akio Morita, ẹnì kejì Ibuka, kò gbà fún wọn. Ní Oṣù Keje 1979, ẹ̀rọ náà, tí wọ́n pè ní Walkman, bọ́ sọ́jà, ayé sì gbà á.

Walkman àkọ́kọ́ yẹn ní ihò méjì fún hẹ́dífóònù. Morita rò pé ìwà àìmọ̀wàáhù ni kéèyàn máa dá orin gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì, ó fẹ́ kí ẹni méjì lè jọ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó rà á fẹ́ dá gbọ́ tiwọn, nígbà tó yá Sony náà tẹ̀ lé wọn. Ohun tí a ní lọ́kàn dára, àmọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ti Juicero, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ní 2016 wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fún omi èso jáde, 699 dọ́là. Ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tà ni èso tí wọ́n ti gé wà. Ní 2017 àwọn oníròyìn fi hàn pé ọwọ́ lásán lè fún ọ̀rá náà, omi á sì jáde. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún kógbá wọlé. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn mọṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí ọwọ́ èèyàn kò lè ṣe.

Inú ń bí mi sí irú nǹkan báyìí, nítorí àwa là ń ra á jù. Mo ra fáànù oníbátìrì kan nígbà ooru. Ó ní rédíò, ó ní gílóòbù, ó ní ibi tí a ti ń ki fláàṣì bọ̀. Atẹ́gùn tí mo torí ẹ̀ rà á kò pé wákàtí méjì tó fi tán. Ìyá mi àgbà ni mo rà á fún, NEPA ò sì mú iná wá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ fi wé fóònù Nokia 1100 tó jáde ní 2003. Wọ́n fi rọ́bà bo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn, tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Ó lé ní 250 mílíọ̀nù tí wọ́n tà. Ẹni tó bá ti dé Bódìjà kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí wọ́n ń já ata lọ́kọ̀, mọ ohun tí tọ́ọ̀ṣì yẹn ń ṣe. Ìyá aláta ò ní láti wá àtùpà. Owó tó gbà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fi tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ mọ̀ pé òkùnkùn wà láyé.

Télọ̀ kì í rán bùbá láìwọn oníbùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe n'Íwó Road, ohun tó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ lọ́wọ́ yín ń sọ fún yín ohun tí ẹni tó ṣe é kò rò. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọmọbìnrin kan dìde. Ó ní òun ti ṣe àtùpà kan fún àwọn tó ń dín àkàrà lálẹ́. Mo bi í pé ta ló bá jókòó kó tó ṣe é. Ó ní àǹtí òun tó ń dín àkàrà ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun fi jókòó tì í. Àtùpà àkọ́kọ́ ń tàn sí wọn lójú, epo sì ń ta bo gíláàsì ìkejì. Ìkẹta ló gbé ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó sì jẹ́ pé aṣọ tútù kan ṣoṣo ló ń nù ún mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ gbé e wá. Àwọn àgbà tó wà níjòókòó sún mọ́ra, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.